Ohùn Ìyá Nínú Rédíò Oníbàárà

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni Ernest Ifádárà ń ṣe ní òpópónà Fọlágbádé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé kò sí ariwo tí ó lè ti inú àpótí rédíò jáde tí yóò yà á lẹ́nu mọ́. Ó ti gbọ́ àwọn Faransé tí wọ́n ń ka ìròyìn, ó ti gbọ́ àwọn Lárúbáwá tí wọ́n ń kọrin, ó sì ti gbọ́ àwọn sójà tí wọ́n ń kéde pé àwọn ti gba ìjọba. Nígbà tí ìkéde ti ìparí ọdún 1983 jáde, tí gbogbo àdúgbò tú síta, tí oníkálukú ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ló tún dé, Ernest kàn yí rédíò díẹ̀ kí ohùn sójà náà lè já gaara ni, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Rédíò ni," ni ó sọ fún Matilda ìyàwó rẹ̀. "Ohun tí wọ́n bá fi sí i lẹ́nu ló ń sọ."

Ọdún 1985 ni rédíò gbé òun fúnra rẹ̀ ṣubú lórí àga.

Ọ̀sán gangan ni. Àlùhájì Àbúdù, oníṣòwò pákó kan láti Ìbefun, ti gbé rédíò ńlá kan wá láàárọ̀, èyí tí ó ń kùn bí oyin ṣùgbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sára. Ernest rí ibi tí wáyà ti já. Ó fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ ọn, ó sì tan rédíò náà wò kí ó tó dé ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Ó kọ́kọ́ ń ta ṣáṣá. Ernest rọra yí i, ohùn ọkùnrin kan sì yọ, ohùn dídùn bíi ti àwọn tí ń ka ewì lórí afẹ́fẹ́:

"Ohùn àwọn ìyá wa àtijọ́ rèé o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ewì. Ẹ fetí sílẹ̀."

Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kì.

"Ọmọ Ifádárà, ọmọ onílé tí kì í ti ilẹ̀kùn,
Ọmọ a-rin-ewùrà-ní-fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí ebi má pa àlejò.
Òjò ń rọ̀, ẹ ò wọlé. Oòrùn ń ràn, ẹ ò wọlé.
Ẹni tí ẹ ń retí ló gbé yín dúró lójú ọ̀nà."

Irin gbígbóná ṣì wà lọ́wọ́ Ernest. Kò mọ ìgbà tí ó bọ́, kò sì mọ̀ pé itan òun ni ó bọ́ sí. Ohùn náà ń lọ, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń fà á níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń fà á sí, ó sì ń mí níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń mí. Lẹ́yìn náà ni ó rẹlẹ̀ wá, ó di jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó tẹ̀ síwájú láti fọwọ́ kan èèyàn:

"Àkànní mi ò. Àkànní, ọmọ..."

"Ṣé aṣọ yín ti pupa rúsúrúsú?" ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan pariwo láti inú rédíò, tí orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíkankíkan. Ọṣẹ ìfọṣọ tuntun kan ni ó ń polówó.

Àga dojú dé. Nígbà tí Àlùhájì Àbúdù máa fi wọlé, Ernest ti wà nílẹ̀, ó na ọwọ́ sí rédíò náà bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé iná ló gbé ọ ni?" ni Àlùhájì bi í. "Ernest! Dá mi lóhùn. Ṣé iná ni?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá rẹ dà?"

"Inú ibẹ̀ yẹn. Ìyá mi ló ń kì mí."

Àlùhájì wo rédíò, ó wo Ernest. Òun àti Ernest kì í ṣe àjèjì ara wọn. Òun náà wà níbi ìsìnkú ìyá Ernest ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ní ọdún 1976. "Lá ìláhà ilaláhù," ni ó wí, ó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ernest bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé rédíò rẹ̀, òun ti tún un ṣe tán. Ó ní kí Ernest máa lò ó, òun kò ní gbé e lọ sílé òun mọ́ láé.

Ìyá Ernest ń jẹ́ Mosúnmọ́lá. Kò sí ìyàwó tí a gbé wọ ilé Ifádárà ní Ìmùṣin, kò sí ọmọ tí a bí níbẹ̀, kò sí àgbà tí a sin, tí kì í ṣe òun ni yóò dìde kì wọ́n. Bí ó bá ti gbé e, ìyàwó kékeré ilé, Ojúọlá, á wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa fi ohùn tín-ín-rín gbè é. Ernest kò dàgbà sídìí ìyẹn. Ọmọdé ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Frederick, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, mú un wá sí Ìjẹ̀bú-Òde kí ó lè kàwé. Ìyá rẹ̀ a máa wá wò ó. Á ru ewùrà àti gàrí wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, bí ó bá sì ti fojú kan ọmọ rẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀: "Àkànní mi ò!" Àwọn ọmọ kíláàsì á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan Ernest sọ fún un pé kí ó jọ̀ọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá wá, á kàn dì mọ́ ọn ni, á sì gbé ẹrù sílẹ̀.

Ernest wà ní Èkó níbi tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ rédíò nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀gbẹ́ni Frederick ni ó ṣètò ìsìnkú. Ó ní obìnrin náà ti ṣe ìrìbọmi kí ó tó kú, nítorí náà orin ìsìn nìkan ni a ó kọ. Lẹ́bàá sàréè, Ojúọlá ya ẹnu láti kì ìyálé rẹ̀. "Ẹ mú un kúrò níbẹ̀," ni Frederick wí, àwọn géńdé méjì sì fà á lọ sẹ́yìn ilé. Ernest ń wo ilẹ̀. Láti ìgbà náà, ó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí Ìmùṣin lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ojú Ojúọlá kò ṣe é wò.

Ohun tí ó dùn ún jù ni pé ohùn ìyá rẹ̀ ti pòórá lọ́kàn rẹ̀. Ó rántí ojú rẹ̀, ó rántí bí ó ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n ohùn náà, bí ó ti wulẹ̀ kí ó wá a tó, kò rí i. Òun tí ó ń tún ohùn gbogbo ìlú ṣe, kò ní ti ìyá rẹ̀ níbì kankan.

"Ohùn máa ń jọ ohùn," ni Matilda sọ nígbà tí ó ń fi òróró pa ojú iná lára itan rẹ̀. Olùkọ́ ni Matilda, kì í tètè gba nǹkan gbọ́.

"Oríkì ilé wa ni. Orúkọ mi ló pè."

"Àkànní pọ̀ nílùú."

"Àkànní ti ilé Ifádárà ńkọ́? Mélòó ló wà?"

Matilda dé ìgò òróró pa. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, á wà lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á. Lọ bá wọn."

Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ rédíò náà wà. Ernest wọ kóòtù tí ó fi gbéyàwó, ó wọ mọ́tò lọ. Wọ́n jẹ́ kí ó dúró pẹ́ kí wọ́n tó mú un dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ó ń ṣe ètò ewì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Simeon. Ohùn dídùn yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ẹ̀wù rẹ̀ ti ṣá ni ó gbé e dání. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí Ernest bá wá, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn.

"Ọmọ wọn ni yín! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ irú oríkì bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ni mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá pé kí a lò ó."

"Kí ló dé tí ẹ gé e?"

Ojú ti Simeon. "Ọ̀gbẹ́ni, àwọn olówó ọṣẹ ló ra àsìkò yẹn. Àárín ìpolówó sí ìpolówó ni wọ́n fún ewì. Bí ewì kò bá tán, aago á tán."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù."

Simeon dìde, ó lọ sínú yàrá kan tí téèpù kún títí dé òkè àjà, ó mú ọ̀kan jáde, ó sì fi í sórí ẹ̀rọ. Ernest tẹ etí sílẹ̀, ó ti di apá àga mú. Ẹ̀rọ náà yí. Ohun tí ó jáde ni ohùn ọkùnrin kan tí ó ń jágbe:

"Ẹ tò sí ìlà! Ẹ̀yin ará, ẹ má ti ara yín! Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kí ó kọ́kọ́ wọkọ̀!"

"Èwo nìyí?" ni Ernest bi í.

"Òun náà ni," ni Simeon dáhùn. Kò lè wo ojú rẹ̀. "Téèpù tuntun kò wọ̀lú mọ́. Ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n kó o wọlé. Bí a bá ti lo èyí tó wà, wọ́n á gbà á, wọ́n á gba nǹkan mìíràn lé e. Ọjọ́ kejì tí a gbé oríkì yẹn sáfẹ́fẹ́ ni wọ́n wá mú un fún ìkéde ogun tí ìjọba ń gbé ti ìwà àìlétò."

"Ẹ pa ìyá mi rẹ́ kí ẹ lè kọ́ àwọn èèyàn bí wọn ó ṣe tò?"

Ernest ti rí rédíò tó jóná, ó ti rí èyí tí eku jẹ wáyà inú rẹ̀, kò sì sí èyí tí kò mọ ọ̀nà tí yóò gbé e gbà. Ohun tí wọ́n bá ti gba nǹkan lé lórí, òun náà mọ̀ pé kò sí ọwọ́ tí ó lè hú u jáde mọ́. Ó dìde láti máa lọ. Simeon tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá. Mo tilẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a gba ohùn wọn sílẹ̀. Èmi ni mo ṣọ́ bátìrì nínú mọ́tò nígbà tí ọ̀gá mi àtijọ́ wọ inú agbo ilé lọ gbà á. Mi ò rí wọn, mo kàn ń gbọ́ wọn. Ọdún tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni, 1981."

Ernest yí padà. "Ọdún wo lẹ wí?"

"1981."

"Ìyá mi kú ní 1976."

Àwọn méjèèjì dúró lójú oòrùn, wọ́n ń wo ara wọn.

Ernest wọ mọ́tò padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kò dé ilé rárá. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó rí mọ́tò tó ń lọ sí Ìmùṣin, ó wọ̀ ọ́. Kristẹni ni, kò gbà pé òkú ń padà wá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀ ní 1981, ó sì fẹ́ mọ ẹni náà.

Ilé Ifádárà kò yàtọ̀ púpọ̀. Òrùlé apá kan ti wọ̀. Obìnrin àgbà kan jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń dín gàrí nínú agbada. Ojúọlá ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ernest dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Igbá tí obìnrin náà fi ń ro gàrí dúró. Kò yíjú. Ó gbé orí sókè bí ẹni tí ó gbọ́ nǹkan lókèèrè.

"Àkànní," ni ó wí. "Àkànní mi ò."

Ohùn náà ni. Ohùn inú rédíò. Ohùn ìyá rẹ̀, láìsí ohun tí ó yàtọ̀ nínú rẹ̀. Ernest kò lè dìde. Ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Ojúọlá sáré fi agbada sílẹ̀, gàrí ń jó, ó ń pè, "Kí ló ṣe é? Ẹ gbà mí o! Kí ló ṣe ọmọ yìí?"

Ó pẹ́ kí ó tó lè ṣàlàyé. Ó sọ ti rédíò Àlùhájì, ó sọ ti téèpù. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni Ojúọlá náà ń dìde díẹ̀díẹ̀ lórí àpótí rẹ̀.

"Ohùn ta ni wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́?"

"Tiyín ni, Màmá. Mo rò pé ti ìyá mi ni."

"Tèmi?" Ó fọwọ́ lu àyà. "Gbogbo ayé gbọ́ mi, èmi tí mo ni ín kò gbọ́? Ọkùnrin kan wá pẹ̀lú irin kan, ó ní òun ń ṣa ọ̀rọ̀ àtijọ́ jọ. Kò bèèrè orúkọ mi. Mo rò pé inú àpótí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò wà."

"Kí ló dé tí ẹ sọ ọ́ fún un?"

"Ṣé ìwọ kò mọ̀ ni?" ni Ojúọlá bi í. "Nígbà tí mo wọ ilé yìí, mi ò mọ ìran yín, mi ò mọ oríkì yín. Ìyá rẹ ló kọ́ mi. Ibi tí ó bá mí sí ni mo ń mí sí. Lọ́jọ́ tí a sin ín, wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé. Mo pa á dé. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú mi, kò jẹ́ kí n jẹun kó lọ. Bí àjèjì yẹn ṣe ní kí n sọ ọ́, mo sọ ọ́. Mo kì ìyá rẹ, mo kì bàbá rẹ, mo sì kì ọ́." Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí Ernest kò retí. "Nígbà tí mo pè ọ́ lórí rédíò, ta ló dáhùn?"

"Ẹnikẹ́ni ò dáhùn, Màmá. Ọṣẹ ni wọ́n ń polówó."

"Ọṣẹ!" Ó ń pariwo rẹ̀ kiri agbo ilé, ó ń pàtẹ́wọ́. "Mo pe Àkànní, ọṣẹ ló jẹ́!" Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Ernest náà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì.

Ernest padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú Matilda, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́. Ojúọlá ní òun kò ní bá irin sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òun kì í, kí Ernest jókòó síwájú òun, kí ó sì máa dáhùn. Ernest jókòó. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ hùn ún, ó dákẹ́, Matilda sì ń gún un níhà. Nígbà tí obìnrin náà dé ibi tí rédíò ti gé e, ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé e lórí:

"Àkànní mi ò. Àkànní, ọmọ ìyálé mi,
Ọmọ tí a ń kì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé,
Ó ní kí a dákẹ́, a dákẹ́,
A gbé e sọ́kàn, a ń kì í lábẹ́ ahọ́n títí a fi délé."

Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́. Nílé, lẹ́yìn tí ó ti dé láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ yẹn, ó ti sọ ọ́ fún Ojúọlá, ó sì ti fi í sínú oríkì. Ernest bú sẹ́kún bí ọmọdé, ẹkún náà sì wọ inú kásẹ́ẹ̀tì.

Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Simeon. Simeon bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ títí, wọ́n gbà kí ó gbé e jáde, ó sì ṣèlérí pé òun yóò pe orúkọ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, Ernest gbé rédíò kan lọ sí Ìmùṣin. Wọ́n gbé e lé orí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ará ilé pé, àwọn aládùúgbò wá. Ojúọlá fi gèlè tuntun wé orí, ó jókòó síwájú gbogbo wọn bí ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò.

Simeon pe orúkọ rẹ̀: "Màmá Ojúọlá, ilé Ifádárà, Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin." Gbogbo agbo ilé hó yèè. Ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀.

Ojúọlá kò hó. Ara rẹ̀ le gan-an. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dìde lọ sí orí. Kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Ìyálé mi!" ni ó ké. "Ẹ gbọ́ o, ìyálé mi rèé! Ìyálé mi ló ń sọ̀rọ̀!"

"Màmá, ẹ̀yin ni," ni Matilda ń sọ fún un.

Kò gbọ́. Ó ti dìde, ó ti lọ dúró sẹ́yìn tábìlì rédíò náà, níbi tí ó ti máa ń dúró nígbà tí ó jẹ́ ìyàwó tuntun, ó sì ń fi ohùn tín-ín-rín gbè é. Ìlà tí rédíò bá dá, á gbà á. Àwọn èèyàn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ Mosúnmọ́lá ti bo ẹnu.

Wọ́n tún gé e. Kò tíì dé ìdajì tí agogo ìròyìn fi dún gbàgà, tí ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Èkó àti ti owó epo rọ̀bì. Àwọn èèyàn kígbe, "Áà!" Wọ́n ń wo Ernest bíi pé òun ni ó gé e. Ojúọlá dúró díẹ̀, ó ń retí kí ìyálé rẹ̀ mí, kí ó sì máa bá a lọ. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó rìn yí tábìlì náà ká bọ́ síwájú, ó sì gbé e láti ibi tí wọ́n ti já a, pẹ̀lú ohùn ńlá.

Ernest na ọwọ́, ó pa rédíò. Ó jókòó sílẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì ń dáhùn.